Kí O Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ta Ọ́ Lọ́rẹ

Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìkàrẹ́ Àkókó.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí tó ń yọ mí lẹ́nu bí òtútù bá ti mú. Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí ìwé gígùn báyìí láti ọwọ́ èmi tí mi ò kọ ju "ṣé ẹ jí dáadáa" lọ sí ọ rí lórí fóònù. Kò sí ẹni tó kú. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí ẹnu mi ò lè sọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù, mo tún yí i sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra bírò tuntun, tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí mo jókòó.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí o ní ilé iṣẹ́ tó ni ọṣẹ àti ìpara tí ò ń tà ní Ìbàdàn ti kéde pé ìwọ lo tajà jù nínú gbogbo àwọn tó ń bá wọn tajà, pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ni wọn yóò fi ta ọ́ lọ́rẹ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ò ń retí kí n ké, kí n jó. Mi ò ké. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mojí, ṣé o ti bi wọ́n nípa owó orí rẹ̀?" O ní, "Màmá, owó orí kẹ̀? Wọ́n dáṣì mi ni!" Mo tún ní kí o ṣe sùúrù pẹ̀lú ìdúpẹ́ tí o fẹ́ wá ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Ìgbà yẹn ni inú bí ọ. O ní ṣé mò ń jowú rẹ ni.

Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè sọ irú ẹ̀ bí inú bá ń bí i. Èyí tó wọ̀ mí lára ni èyí tí o fi kádìí rẹ̀. O ní, "Ẹ sáà bá mi sọ fún bàbá kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi o. Mi ò tíì gbàgbé píkọ̀pù yín tí wọ́n tà." O sì pa fóònù.

Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Oníbàárà dé, mo ní kó padà wá lọ́la. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Kì í ṣe nítorí ohun tí o sọ. Nítorí ohun tí èmi ò sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ni.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó orí, torí Sátidé ò ní dúró dè mí.

Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá fún ọ ní ewúrẹ́ nítorí pé o jẹ́ ọmọ wọn, ẹ̀bùn nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bá ọ dá sí i. Ilé iṣẹ́ kò mọ ìyá rẹ, kò mọ bàbá rẹ. Ọjà tí o tà ló mọ̀. Bí o kò bá tajà, kò ní rántí orúkọ rẹ láé. Nítorí náà, ohun yòówù tó bá fún ọ, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe fíríìjì, ìbáà ṣe ìrìn àjò lọ sí òkè òkun, èrè òwò rẹ ni lójú òfin. Wọn yóò wo iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà, wọn yóò fi kún owó tó wọlé fún ọ lọ́dún náà, wọn yóò sì bu owó orí lé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ibi tó ti ń ká èèyàn mọ́ ni pé ọkọ̀ ni wọ́n fún ọ, owó ni ìjọba ń gbà. Wọn ò ní gba táyà kan lọ́wọ́ rẹ. Má sì rò pé wọn ò ní mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó fún ọ lọ́kọ̀ yóò sọ fún ìjọba pé òun náwó lórí rẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò sì fi gbè é lẹ́sẹ̀.

O lè bi mí pé níbo ni onísìmẹ́ǹtì ti kọ́ gbogbo èyí. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn.

O wà ní yunifásítì ní Àkùngbá nígbà náà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí mò ń bá tajà sọ pé ẹni tó bá lé tágẹ́ẹ̀tì, iye ọjà tí wọ́n dá fún wa, bá ní gbogbo Àkókó yóò gba píkọ̀pù. Orí mi gbóná. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, mo rí i pé ọjà mi ò tíì tó. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta sìmẹ́ǹtì ní iye tó kéré sí iye tí mo rà á. Àwọn bíríkìlà ń ti Òkè-Àgbè àti Arigidi wá kó o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màmá Sìmẹ́ǹtì ti gba ìdáǹdè. Bàbá rẹ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ní, "Ìyá Mojí, owó ara rẹ lo fi ń ra ọkọ̀ yìí o." Mo ní kí wọ́n lọ máa ka ìwé ìròyìn wọn.

Mo gba ọkọ̀ náà. Funfun ni, o rántí. Mo tẹ bánà ńlá, fọ́tò èmi àti kọ́kọ́rọ́ onípáálí gìrìwò tí wọ́n gbé fún mi ló wà lára rẹ̀, mo so ó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ti Ọjà Ọba bọ̀ yóò ti máa rí eyín mi lókèèrè. O sì mọ bí tiwa ti rí. Ohun rere kì í wọlé ní Àkókó kí a má pe èèyàn. Mo dá ọjọ́ ìdúpẹ́.

Àwọn ẹlẹ́nu kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ló ń fẹ́ mi, tó fi fún mi lọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Nígbà tí mo dé iwájú pẹpẹ, mo gba máìkì lọ́wọ́ pásítọ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó fún mi lẹ́bùn o! Èrè iṣẹ́ ọwọ́ mi ni!" Mo dárúkọ iye tí ọkọ̀ náà tó, mo sì ní n óò san ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Mo san án lóòótọ́. Mo pa màlúù. Mo bọ́ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, mo bọ́ àwọn onísìmẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mi, mo bọ́ àwọn ará ilé ọkọ mi tí wọ́n kún inú bọ́ọ̀sì láti Òkà. Nígbà tí a fọ ìkòkò tán, mi ò ní owó lọ́wọ́ mọ́. Ọkọ̀ ni mo ní.

Kò pẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì owó orí. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ owó orí ọkọ̀ yín la bá wá."

Mo ní, "Owó orí kí ni? Ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi. Ta ló ń san owó orí lórí ẹ̀bùn?"

Ọmọ náà họrí. Ó ní, "Màmá, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yín. Mo jẹ nínú ìrẹsì yín. Ẹ ní kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ ní èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, ẹ sì san ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ṣé tó bá kan Ọlọ́run ó di èrè, tó bá kan ìjọba ó di ẹ̀bùn ni?"

Àwọn alábàárù tó ń kó ẹrù níwájú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Mo nawọ́ sí bàbá rẹ, mo ní, "Ọkọ̀ ọkọ mi ni. Orúkọ mi lásán ni wọ́n lò."

Ọmọ náà yíjú sí wọn. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mojí, ẹni tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ pípa ò dára, wọ́n wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí ìyàwó mi bá ti wí, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Irọ́ náà ò gbà wá là. Ọmọ náà ní ẹni yòówù kó máa wa ọkọ̀ náà, ẹni tó tajà ni owó orí kàn. Ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì kí a jọ jókòó sọ ọ́, pé wọn yóò jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Kàkà kí n lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bí mo bá ti rí ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lókèèrè, màá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Owó ìtanràn gorí owó orí. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Bàbá rẹ ní, "Jẹ́ ká ta ọkọ̀ náà." Mo ní ojú wo ni n óò fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí mo gba máìkì. Ibi tí mo fẹ́ dé láti òwúrọ̀ gan-an nìyí, ọmọ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi tà á. Bí wọ́n bá bèèrè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ dá a tà. Ọkùnrin ni yín, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbàgbé."

Bàbá rẹ ní, "Èé ti jẹ́? Mojí ńkọ́?"

Mo ní màá sọ fún ọ tó bá yá.

Wọ́n wà á lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n tà á, wọ́n kó gbogbo owó náà lé mi lọ́wọ́. Wọn ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mo san owó orí àti ìtanràn rẹ̀, mo fi ìyókù kó ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fi àtàdànù sọ di òfìfo. Àdúgbò wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Tíṣà ta ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó fi kọ́lé fún obìnrin kan ní Arigidi. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá bá mi kẹ́dùn. Mo sunkún lójú wọn, Mojí. Mo fi gèlè nu ojú. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run yí ọkàn ọkọ mi padà, mo sì ṣe àmín.

Ìwọ náà gbọ́ ọ ní Àkùngbá, o gun ọ̀kadà wálé. O ò tilẹ̀ kúnlẹ̀. O dúró lórí bàbá rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ní, "Bàbá, ojú ò tì yín? Òógùn màmá mi lẹ fi ń tọ́jú obìnrin!" Èmi wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń gún iyán. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dá ọmọ odó dúró, mò ń retí kí bàbá rẹ sọ òtítọ́. Ká ní wọ́n sọ ọ́, n kì bá tí jà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo bá tún gbé ọmọ odó, mò ń gún iyán náà kíkankíkan kí n má baà gbọ́ mọ́. Ìwọ jẹ tìrẹ ní yàrá, bàbá rẹ jẹ tiwọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ò lè jẹ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n kó lọ sí ilé ẹbí wọn ní Ìwárò, ní Òkà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sún mọ́ oko. Oko kọ́. Ojú èèyàn ni wọ́n sá fún. Nígbà tí o sì ń ṣègbéyàwó, àbúrò mi ọkùnrin lo ní kó fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mo wọ aṣọ olówó ńlá, mi ò lanu. Bàbá rẹ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àlejò. Mo wẹ̀yìn, mo rí wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi ni mo ra èké, bàbá rẹ ló san owó rẹ̀.

Ó tó. Gba ìmọ̀ràn mi wàyí, kí ìtìjú mi má baà já sí asán.

Èkínní, kí o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Bi wọ́n pé èló ni wọ́n ka ọkọ̀ náà sí. Bi wọ́n bóyá wọ́n ti san lára owó orí rẹ̀, àti ta ni yóò san ìyókù. Bí wọ́n bá ní àwọn ti san án, gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Má gba ti ẹnu, ẹnu kì í wọ ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá sì gbà láti fún ọ ní owó dípò ọkọ̀, má yára kọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ ń mu epo, ó ń gba ìwé pátíkúlà lọ́dọọdún, ó ń bàjẹ́. Owó orí owó, inú owó náà lo ti lè yọ ọ́.

Èkejì, ya owó orí sọ́tọ̀ kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Wá akáǹtáǹtì kan tó mọ iṣẹ́, kí ó bá ọ ṣírò rẹ̀, kí o sì fi owó náà síbi tí ọwọ́ rẹ ò ti ní tètè dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o ra màlúù. Mi ò ní kí o má dúpẹ́, mi ò sì ní kí o má san ìdámẹ́wàá. Ohun tí o bá pè é níwájú Ọlọ́run ni kí o pè é níwájú ìjọba.

Bí o bá sì ti ta ọjà ní àtàdànù kí o tó dé ipò kìíní yìí, sọ fún mi. Mi ò ní bá ọ wí. Ta ni mo jẹ́? Má kàn tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ mi, àwọn tó ń fún wa lọ́kọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èrè tí wọ́n ti jẹ lára wa ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀ fún wa.

Bí owó náà bá sì pọ̀ ju agbára rẹ lọ, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní àga. Èmi tí mo sá, àgádágodo ni wọ́n fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn mi.

Èyí tó kẹ́yìn ló ga jù lọ. Má ṣe di ẹrù ìtìjú rẹ ru ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Kò ní kọ̀ ọ́. Ó dá mi lójú pé ọkọ rẹ náà ò ní kọ̀ ọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rù láti dì í rù ú. Mo ti bẹ ìyá ìjọ pé kó fún mi láyè lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tí mo sunkún lójú wọn ni yóò gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tèmi ni, ó ti pẹ́ jù lọ́rùn ẹlòmíràn.

Mo lọ sí Òkà lánàá kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo bá bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń so iṣu mọ́ ọ̀pá nínú abà. Mo ròyìn oríire rẹ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Mojí mi? Ó mọ ọjà í tà bí ìyá rẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé ó ti bèèrè owó orí rẹ̀?" Mo sọ ohun tí o wí nípa kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n mú iṣu mìíràn, wọ́n so ó.

Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ sí ọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ní, "Má kọ ọ́." Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn fúnra wọn ò sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ náà ti bínú sí bàbá rẹ̀. Bó bá tún bínú sí ìyá rẹ̀, ilé ta ni yóò máa wá bí ọdún bá dé?"

Mo kọ ọ́, Mojí, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí n má kọ ọ́. Bí o bá ń bọ̀, ìbáà ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ náà, ìbáà ṣe láìsí i, má yà sọ́dọ̀ mi. Òkà ni kí o lọ. Bí bàbá rẹ bá ní kí o wá kí mi, kí o wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.